Ilé Gbígbé, Ibi Ìṣòwò àti Ọgbà Ìgbafẹ́ Lójú Kan: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Àdúgbò Tuntun ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà

Àdúgbò onílò púpọ̀ ni àdúgbò tí a ti ṣètò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n máa tajà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn máa kàwé níbẹ̀, kí apá kan nínú wọn sì lè rí iṣẹ́ ṣe láìwọ ọkọ̀. Ó yàtọ̀ sí ẹ́sítéètì tí kò ní ju ilé gbígbé lọ, níbi tí ẹni tí ó fẹ́ ra iyọ̀ yóò ti gun ọ̀kadà kí ó tó rí i rà. Bí a bá fi ọgbà ìgbafẹ́ tàbí pápá eléwéko kún un, tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà tàbí kọ́lé lé, irú ètò tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí nìyẹn. A kọ ọ́ fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn ará Ọ̀tà, Ṣàngó-Ọ̀tà àti agbègbè wọn ni a kọjú sí jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ilé gbígbé àti ilé-iṣẹ́ ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pín ògiri kan náà lò.

Bí Ọ̀tà ṣe di ohun tí ó dà

Ìlú àwọn Àwórì, ọmọ Ìgánmọdẹ, ni Ọ̀tà. Ó ti ní ọba rẹ̀, Ọlọ́tà, àti àwọn àdúgbò Ọ̀tún, Òsì àti Ìjànà, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Lónìí òun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, tí a dá sílẹ̀ ní 1989. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 526,565 ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹni tí ó mọ Ṣàngó nígbà náà, tí ó sì tún ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí, kò nílò kí a sọ fún un pé iye náà ti di ti àtijọ́.

Ọ̀nà ni ó sọ Ṣàngó di ńlá. Títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba àárín rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti yà, tí ó lọ títí dé ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, àwọn onílé-iṣẹ́ tí ilẹ̀ Ìkejà ti há mọ́ rí i pé bí wọ́n bá kọjá ààlà Èkó díẹ̀, ilẹ̀ pọ̀, ọjà Èkó kò sì jìnnà. Òṣìṣẹ́ tẹ̀lé ilé-iṣẹ́, onílé tẹ̀lé òṣìṣẹ́, ọlọ́jà sì tẹ̀lé gbogbo wọn. Àwọn mìíràn tún wà tí Èkó ni iṣẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n tí owó ilé Èkó lé wọn wá. Títí di òní ni àwọn awakọ̀ ṣì ń pe ibìkan ní Tọ́ọ̀géètì, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí gbígba owó ibodè lójú títì láti 2004.

Báwo ni ilé ṣe kún ilẹ̀ náà? Ìdílé onílẹ̀ gé ilẹ̀ wọn sí pùlọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120, wọ́n sì tà á fún ẹni tí ó lówó lọ́wọ́. Olúkúlùkù ra tirẹ̀, ó kọ́ tirẹ̀, ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì mọ odi yí i ká. Ohun tí ó ṣẹ́kù láàárín odi kan sí èkejì ni ó di ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú èyí, gbogbo wọn ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í ra pùlọ́ọ̀tì kí ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láti gbá bọ́ọ̀lù. Ibi tí a bá ti ń ta ilẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, pápá àti ọgbà kì í sí, àfi bí ẹnìkan bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí títà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí pàtàkì tí ètò fi gbọdọ̀ ṣáájú ilé nìyẹn.

Kì í ṣe àṣà àjòjì

Àwọn kan máa ń rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní irú ètò yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìlú Yorùbá àtijọ́: ààfin wà láàárín, ọjà ọba wà níwájú rẹ̀, igi ọdán sì ń ṣíji bo ọjà náà. Inú agboolé ni aláró ti ń rẹ aṣọ, iwájú ilé ni ìyálé ti ń ta èèlò ọbẹ̀, ojúde sì jẹ́ ti tọmọdé tàgbà. Ní ẹ̀yìn ìlú, àwọn igbó tí èèwọ̀ dáàbò bò ń pa orísun omi àti igi ńláńlá mọ́. Ilé, ọjà, iṣẹ́ ọwọ́ àti àyè eléwéko jọ wà pọ̀, ìrìn ẹsẹ̀ ni a sì fi ń dé ibi gbogbo.

Ètò ìgbà ìjọba amúnisìn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, tí ó ní kí ibùgbé dá wà, kí ọjà dá wà. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ilé gbígbé sílẹ̀ ní 1958, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ́sítéètì Bódìjà ní Ìbàdàn ní 1959, ibùgbé ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Ẹ lọ wo àwọn òpópónà Bódìjà lónìí: ilé ìfowópamọ́, ilé oúnjẹ, ilé aṣọ àti ọ́fíìsì ti gba iwájú ilé tí a kọ́ fún ìdílé kan. Òwò kì í béèrè àyè lọ́wọ́ ayàwòrán. Bí a kò bá fún un ní tirẹ̀, yóò gba ti ẹlòmíràn, ọgbà àti ẹ̀gbẹ́ títì ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ gbà.

Ní Àgbárá, tí ó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ọ̀tà, Olóyè Adéyẹmí Lawson dá ẹ́sítéètì kan sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, níbi tí ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti jọ wà nínú ètò kan, tí ìpín ilẹ̀ wọn sì ti wà lórí ìwé kí ilé tó dìde. Ẹ̀rí ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa.

Ní ìlú òyìnbó, àpẹẹrẹ tí ó bá Ọ̀tà mu jù ni Bournville, lẹ́bàá Birmingham. Ní 1879 ni Richard àti George Cadbury kó ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì wọn kúrò láàárín ìlú tí èéfín bò, lọ sí àárín oko. Nígbà tí ó yá, George Cadbury bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Ó pàṣẹ pé kí a fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọgbà àti pápá. Ohun tí ó ṣe ní 1900 ni a kà sí pàtàkì jù: ó gbé gbogbo ilẹ̀ náà lé ọwọ́ ìgbìmọ̀ alágbàtọ́ kan, kí ó má baà sí ẹni tí yóò tà á lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọgbà náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìṣirò ilẹ̀

Àtakò tí a máa ń gbọ́ jù ni pé ilẹ̀ wọ́n, àti pé ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ ṣe ọgbà ti fi ilé ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀.

Àjọ UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìlú àti ilé gbígbé, dámọ̀ràn ní 2014 pé kí ojú ọ̀nà gba ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àdúgbò, kí ènìyàn tó ó kéré tán 15,000 máa gbé inú kìlómítà onígun mẹ́rin kan, kí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú ilé jẹ́ ti ọrọ̀ ajé, kí ìdá 20 sí 50 nínú àyè ibùgbé sì jẹ́ èyí tí agbára mẹ̀kúnnù ká.

Ká ní hẹ́kítà 20 ni ilẹ̀ tí a ní lọ́nà Ìdí-Ìrókò. Bí a bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn yìí, ènìyàn 3,000 ni yóò máa gbé ibẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdílé 600 bí a bá ka ẹni márùn-ún sí ìdílé kan. Ojú ọ̀nà pẹ̀lú ibi ìrìn ẹsẹ̀ gba hẹ́kítà 6. Bí a bá fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ọgbà àti pápá, hẹ́kítà 3 nìyẹn, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 10. Ó ku hẹ́kítà 11 fún ilé.

Bí a bá gé hẹ́kítà 11 yẹn sí pùlọ́ọ̀tì bí a ṣe mọ̀ ọ́n, kò ní ju nǹkan bí 170 lọ. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá gba pùlọ́ọ̀tì kan, ìdílé 430 ti wà níta. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ilé alájà mẹ́ta, tí a fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní mítà onígun mẹ́rin 100 pẹ̀lú àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àyè 60,000 ni gbogbo rẹ̀; bí a sì fi 40,000 kún un fún ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ibi iṣẹ́ ọwọ́, ó di 100,000. Lórí àjà mẹ́ta, ilẹ̀ tí ó gbà kò pé hẹ́kítà mẹ́rin. Èyí tí ó ṣẹ́kù tó fún ilé-ìwé, ilé ìwòsàn kékeré, ọjà, ilé ìjọsìn, àgbàlá àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nítorí náà, kì í ṣe ọgbà ni ó ń jẹ ilẹ̀. Ilé àgbélẹ̀ tí olúkúlùkù mọ odi yí ká ni ó ń jẹ ẹ́.

A mọ̀ pé kì í wu ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbé orí ẹlòmíràn. Ní Singapore, tí àjọ ilé gbígbé wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ará ìlú tí ń gbé irú ilé ìjọba alájà púpọ̀ báyìí, tí ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìjẹun wà nísàlẹ̀ tàbí nítòsí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àjà mẹ́ta tó, nítorí pé iná mànàmáná àti omi kò ní jẹ́ kí a gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ agbéniròkè.

Ilé-iṣẹ́, èéfín àti òjé

Níhìn-ín ni ètò Ọ̀tà ti gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ìlú mìíràn. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó lè bá ilé gbé. Aránṣọ, oníburẹ́dì, onígi, ilé ìtẹ̀wé, ilé ìfowópamọ́ àti atún-ẹ̀rọ-ṣe lè wà nísàlẹ̀ ilé. Ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin, tí ń po kẹ́míkà, tàbí tí ń tú bátìrì ògbólógbòó kò lè wà níbẹ̀, bí ó ti wù kí odi rẹ̀ ga tó.

Atẹ́gùn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Ní agbègbè wa, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá fún ìgbà tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Ilé tí a bá kọ́ sí àríwá ìlà-oòrùn ilé-iṣẹ́ eléèéfín ni yóò máa mu èéfín náà jù. Ìgbànú igi tí a gbìn ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ilé-iṣẹ́ àti ibùgbé ń dín eruku àti ariwo kù. Àmọ́ kí a má ṣe ka ìgbànú yìí mọ́ ọgbà ìgbafẹ́. A ti rí àwòrán ètò tí ó fi ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ṣe ibi ìṣeré ọmọdé. Ibi tí kò dára fún àgbà láti sùn kò dára fún ọmọ láti ṣeré.

Èkejì ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Òjé tí ó ti inú bátìrì ọkọ̀ wọnú ilẹ̀ kì í tètè kúrò níbẹ̀. Ọmọdé tí ń fi ọwọ́ ṣeré nílẹ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ náà sẹ́nu, ni ó ń kó o jù, ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́ láìsí àmì tí ìyá lè tètè rí. Ní Zamfara ní 2010, àwọn tí ń fọ́ òkúta wúrà mú òjé wọlé láìmọ̀, ó sì pa ọmọ tí ó lé ní 400. Nítorí náà, bí ilẹ̀ tí a fẹ́ fi ṣe ọgbà bá ti jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ti ibi títún ọkọ̀ ṣe tàbí ti ààtàn rí, kí a gbé erùpẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí a tó gbin koríko kan síbẹ̀. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, tí ó jáde ní 1992, ti fi dandan lé àyẹ̀wò kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò sì ni láti béèrè pé kí a fi àbájáde rẹ̀ hàn án.

Omi òjò

Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Òjò tí ń rọ̀ ní Ọ̀tà lọ́dún ju 1,000 mílímítà lọ. Nítorí náà òrùlé tí ó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100 ń da omi tí ó ju 100,000 lítà lọ sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Níbi tí a ti fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, omi yìí kò ríbi wọlẹ̀, ojú ọ̀nà ni ó ń gbà. Ọgbà tí a gbẹ́ ní kòtò díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò lè gba omi náà fún wákàtí díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó rọra wọlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, àwọn ọmọ á tún máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ìbàdàn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀nà líle ní 31 August 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, tí ó gbé ilé àti ẹ̀mí lọ, tí ó sì ba ọgbà Agodi jẹ́. Ilé kò gbọdọ̀ gba etí odò, koríko àti igi ni ó yẹ ibẹ̀.

Ọgbà náà fúnra rẹ̀

Ẹ̀ka ilẹ̀ Yúróòpù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ọgbà tí ó tó ìlàjì hẹ́kítà, ó kéré tán, wà láàárín 300 mítà sí ilé olúkúlùkù, ìyẹn ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Nínú hẹ́kítà mẹ́ta tí a mẹ́nu bà lókè, ó dára kí ọ̀kan tóbi tó láti gba pápá bọ́ọ̀lù, kí àwọn yòókù sì jẹ́ kéékèèké láàárín ilé, níbi tí ìyá lè máa wo ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Nípa igi, ọdán ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí òjìji rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀. Dóńgóyárò kì í kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Máńgòrò àti àgbálùmọ̀ dára, bí ẹ bá lè fara da òkò àwọn ọmọ. Ìrókò àti àràbà ní ọlá tiwọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé àti sí páìpù omi. Pèrègún ni kí a fi pa ààlà, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ó sì pẹ́ kí ó tó kú ju òpó kọnkéré lọ.

Iná alẹ́, ibi ìjókòó, omi àti ilé ìtura tí ẹnìkan ń tọ́jú ni ó ń jẹ́ kí obìnrin àti àgbàlagbà lè lo ọgbà. Ta ni yóò máa sanwó rẹ̀? Èyí ni àǹfààní àdúgbò onílò púpọ̀: a lè ya apá kan sọ́tọ̀ lára owó ìyálé ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ fún ìtọ́jú ọgbà, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn ìyálé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò tí ó dá lórí ìdáwó oṣooṣù àwọn onílé nìkan kì í pẹ́ kí ó tó di ìjà nípàdé àdúgbò.

Lójú tiwa, ewu tí ó tóbi jù kì í wá lọ́jọ́ tí a ń ya àwòrán. Ó ń wá ní ọdún karùn-ún tàbí ìkẹwàá, nígbà tí wọ́n bá ní kí a fi igun kan nínú pápá gbé ẹ̀rọ mànàmáná sí, kí igun kejì di ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí iwájú rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù láti fi wá owó. Lẹ́yìn náà ni a ó rí ọmọ onílẹ̀ tí yóò wí pé wọn kò ra ibẹ̀ lọ́wọ́ bàbá òun. Ọ̀nà tí a fi ń dènà èyí ni kí a wọn ọgbà náà lọ́tọ̀, kí ó ní ìwé ìwọn ilẹ̀ tirẹ̀ àti òkúta ààlà tirẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìlò gbogbo ènìyàn. Àwọ̀ ewé lórí àwòrán nìkan kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Òfin, ìwé àti ẹ̀tọ́ yín

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ fún gbogbo ará ìlú. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dá a pé ìpínlẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ètò ìlú àti ìkọ́lé nínú ààlà rẹ̀. Nítorí náà, ìwé-àṣẹ ìkọ́lé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó fìdí múlẹ̀. Ìwé ìdílé onílẹ̀ kò lè dípò rẹ̀. Láti 2020, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní OLARMS ti wà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé tàbí pùlọ́ọ̀tì ní ẹ́sítéètì tuntun, kí ó béèrè fún àwòrán ètò tí ìjọba ti fọwọ́ sí, kì í ṣe èyí tí a tẹ̀ sórí ìwé ìpolówó lásán. Kí ó wá ibi tí a kọ ọgbà, ilé-ìwé àti ojú àgbàrá sí. Lẹ́yìn náà kí ó gbé àwòrán náà dání, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n sọ pé ọgbà wà. Bí ó bá bá ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀, kí ó má tíì sanwó. Kí ó kọ nọ́ńbà pùlọ́ọ̀tì náà sílẹ̀, kí ó sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fi wé àwòrán tí ó wà lọ́wọ́ wọn.